Ẹ̀kọ́ Eré Ẹṣin Nílé Bàbá Mi

Bàbá mi ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan wà ládùúgbò wa ní Ọ̀fà tí wọ́n máa ń gbọ́ ariwo eré ẹṣin láti ojú fèrèsé wa, tí wọ́n á máa mirí pé Alhaji ti di onítẹ́tẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Irọ́ gbuu ni. Ohun tí bàbá mi ń ṣe ò ju pé kó dárúkọ ẹṣin tó máa wọlé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ká wá jókòó wò ó bóyá ó gbà á. Bó bá gbà á, á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá gbà á, á ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kà fóun látìbẹ̀rẹ̀, kóun lè mọ ibi tóun ti ṣìnà. Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀.

Awakọ̀ rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kàdúná ni wọ́n gbé e sí fún ìgbà pípẹ́, pápá eré ẹṣin ò sì jìnnà sílé tí wọ́n fún wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ ta tẹ́tẹ́, òun á tẹ̀ lé wọn lọ wòran. Ó ní ìdí tí wọ́n fi máa ń pàdánù ni pé ẹṣin tó bá ti síwájú ni wọ́n máa ń pariwo fún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ojú irin rí mọ̀ pé kì í ṣe bí èèyàn ṣe kúrò ní stéṣàn ló ṣe máa gun òkè. Nígbà tó padà wálé, tí ìyá mi kú, tí a ra díìṣì, ó rí ìkànnì kan tó ń gbé eré ẹṣin àwọn òyìnbó jáde lọ́sàn-án, bó ṣe di bárakú fún un nìyẹn. Èmi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Dádì, ìjàkadì lorò Ọ̀fà o, a ò gbọ́ pé eré ẹṣin ni." Á ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n ka ohun tóun ní kí n kà.

Télọ̀ ni mí, Ìjagbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé ìwé gíga. Bí mo bá ti kírun ọ̀sán tán, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Ọ̀fà pẹ̀lú oúnjẹ Dádì àti aṣọ tó kù kí n ká etí rẹ̀. Èmi kì í ṣe onísùúrù, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé bàbá mi ni, ta ló máa mú mi jókòó ti ẹṣin tí mi ò mọ baba tó bí i?

Lọ́dún yìí ni aládùúgbò kan pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó ní Dádì ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó já sí gọ́tà iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní ojú Dádì ti lọ, òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Àbújá, ká ti ilé pa. Mo sọ fún Dádì. Háà, mi ò rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ojú òun kàn ń ṣe bí èéfín ni, lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú fóònù nìkan ni kò hàn sóun, òun ń rí gbogbo nǹkan yòókù. Ó ní ilé tóun fi òógùn ojú òun kọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa sin òun sí, ẹni tó bá fẹ́ kóun kú kíá ni kó wá gbé òun lọ sí Àbújá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa, òun á wá fojú ara òun rí i. Bí Dádì bá ń ríran, òun á fi í sílẹ̀. Bí kò bá ríran, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Èmi náà gbà pé ó ń ríran. Ṣebí ojoojúmọ́ la jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Bó ṣe kọ́ mi nìyí. Orúkọ àwọn ẹṣin òyìnbó gùn, kò sì rọrùn lẹ́nu wa, nítorí náà nọ́ńbà wọn la máa ń pè. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, màá ṣí fóònù, màá ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe sá eré rẹ̀ àtẹ̀yìnwá: ipò tó wà nígbà tí wọ́n jáde, ipò tó wà láàárín, ipò tó wà nígbà tí wọ́n wọlé, àti bí àkókò tí wọ́n fi sá abala kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Dádì á wá pín wọn. Ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ ajáde, ọkàn wọn kì í balẹ̀ àfi bí wọ́n bá wà níwájú. Àwọn kan jẹ́ aṣọ́ni, wọ́n á máa tẹ̀ lé ajáde pẹ́kípẹ́kí. Àwọn tó kù ni abẹ̀yìnyọ, tí wọ́n á dákẹ́ sẹ́yìn bí ẹni tí kò tiẹ̀ bá wọn wá, tó bá wá kù díẹ̀, wọ́n á gbéra.

"Má bi mí pé èwo ló yára jù," Dádì máa ń wí. "Bi mí pé ajáde mélòó ló wà níbẹ̀."

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa dà á láàmú, á máa lọ bó ṣe wù ú, agbára á sì ṣẹ́ kù sí i lára. Bí wọ́n bá pọ̀, wọn ò ní gbà fúnra wọn. Wọ́n á jọ máa fa ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, èémí á tán nínú wọn, abẹ̀yìnyọ á sì kọjá lára wọn bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Kò tètè yé mi. Lọ́jọ́ kan mo rí ẹṣin kan tó fi iná sí ìparí eré rẹ̀ tó ṣáájú, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Mo ní, "Dádì, mo ti rí i, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà." Ó ní kí n ka àkókò tí wọ́n fi sá ìbẹ̀rẹ̀ eré ọ̀hún. Mo kà á. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ló ń rìn gbẹ̀rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ló máa ṣe é tí kò ní yára níparí? "Ẹni tó sun oorun ọ̀sán àsùnwọra, ó wá ń yangàn lálẹ́ pé òun ò tòògbé." Ẹṣin mi gba ipò ẹ̀yìn pátápátá. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gùn ún.

Ohun tó tún máa ń múnú bí mi ni pé, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, Dádì á ní kí n máa rò ó fóun. Tí mo bá ní, "Mẹ́ta ló wà níwájú," á ní, "Ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àbí wọ́n ti ń nà án? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé òun náà ò wò ó ni. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ro ohun tó fojú rí kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo gbà, mo ń rò ó. Ìgbà tó yá, ó bọ́ sí mi lára. Bí wọ́n bá ti ṣí géètì tí wọ́n há àwọn ẹṣin mọ́, kí n tó mọ̀, ẹnu mi á ti ní, "Wọ́n ti jáde!"

Ọjọ́ kan wá dé tí mo borí Dádì. Abẹ̀yìnyọ kan ló mú. Èmi mú ẹṣin kan tí kò tíì wọlé látìgbà tí a ti ń kà á. Mo ní, "Ajáde ni, Dádì. Gbogbo ibi tó ti pàdánù, ajáde ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá pàdé. Lónìí, òun nìkan ni." Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní òun ò yí ọ̀rọ̀ òun padà, àgbà kì í yí ọ̀rọ̀ padà fún ọmọ. Ẹṣin mi jáde, kò wẹ̀yìn, ó sì wọlé kí àwọn tó kù tó jí. Mo dìde, mo jó yí tábìlì po, aṣọ oníbàárà kọ́ mi lọ́rùn. Dádì pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ò nílò láti bẹ̀rù mọ́. Mi ò bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n mi dé, kò sọ fún wa ṣáájú. A ti ka eré tó ń bọ̀ tán nígbà tó wọlé. Mẹ́rin àti méje ni ajáde, Dádì sì ti ní wọ́n máa pa ara wọn, méjì ló máa ti ẹ̀yìn yọ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò tiẹ̀ mu omi. Ó ní, "Dádì, ẹ ní ẹ̀ ń rí tẹlifíṣọ̀n."

"Kí ló máa ṣe mí tí mi ò ní rí i?"

"Ó dáa. Ẹ máa rò ó fún mi." Ó mú rìmóòtù, ó sì pa ohùn rẹ̀. "Ariwo òyìnbó yẹn ti pọ̀ jù," ó ní. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá etí ni Dádì fi ń wòran.

Àyà mi ò já. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé Bùọ̀dá máa tó gba ẹ̀kọ́. Wọ́n ṣí géètì. "Wọ́n ti jáde!" ni mo wí, bí ìṣe mi. Lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà méjì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó da ẹni tó gùn ún sílẹ̀, ó sì yí padà. Mo fẹ́ ké "Háà!" Ohùn Dádì ló dá mi dúró.

"Mẹ́rin ti mú iwájú," ó ní. "Méje ò gbà fún un. Ẹ wò wọ́n. Méjì wà lẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ló fẹ́ràn."

Mo wojú rẹ̀. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an, ó ń mirí díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin àti méje wà níwájú lóòótọ́, wọ́n sì ń fa ara wọn lóòótọ́. Ó ní, "Wọ́n ti dé kọ́nà. Ó ti ń rẹ mẹ́rin." Wọ́n ti dé kọ́nà. Ó ti ń rẹ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yẹ̀, àfi ti ẹṣin tí kò sí lórí pápá. Ìgbà yẹn ló yé mi pé bàbá mi ò rí nǹkan kan, pé eré tí a kà lórí fóònù ló ń sá nínú orí rẹ̀, àti pé kò rí èyí tí a ti jọ ń wò látọjọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú Dádì ló ń wò. Ìgbà tí Dádì na ọwọ́, tó ní, "Òun nìyẹn! Ó ti gba ìta yọ!" ló tó yíjú, ó sì rí ẹṣin kan tó gba ìta yọ, tó kọjá lára mẹ́rin àti méje, tó wọlé. Márùn-ún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ èwo ni márùn-ún, èwo ni méjì. Ó mí kanlẹ̀. "Dádì, ojú yín mú ju tèmi lọ," ó ní. Ó bojú wo èmi náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé bàbá mi lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹun, ó ní òun fẹ́ dé Ìlọrin kílẹ̀ tó ṣú. Dádì gbàdúrà fún un títí. Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí aládùúgbò máa fi irọ́ pe òun mọ́, ó sì lọ.

Nígbà tí mo wọlé, Dádì ṣì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe.

"Èwo ló wọlé?" ó bi mí.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Dádì, láti ìgbà wo?" Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ kí ìyá mi tó kú, ọyẹ́ tó kọjá ni tòsì tẹ̀ lé e. Mo ní ojú mi lẹ fi ń wòran látọjọ́ yìí, ẹ ò sì sọ fún mi. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún ọ, wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Òótọ́ ni, ǹ bá sọ fún un. Mo bú sẹ́kún, mo sì ń pariwo mọ́ ọn nínú ẹkún: bí gáàsì bá gbiná ńkọ́, bí ẹ bá ṣubú sí balùwẹ̀ ńkọ́, ta ló máa gbọ́? Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

Mo ní mò ń kó bọ̀ lọ́la, tèmi-tẹ̀rọ ìránṣọ, pálọ̀ yìí náà ni màá máa ránṣọ. Mo ní a sì ń lọ rí dókítà ojú. Bí kò bá gbà, màá pe Bùọ̀dá kó tó dé Ìlọrin. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Dádì kì í ní òun gbà. Bó bá ti ní òun ti gbọ́, ó parí.

Mo nu ojú mi, mo wá dá a lóhùn. "Márùn-ún ló wọlé. Méjì ò sá rárá. Ó gbé ara sókè lẹ́nu géètì, ó da ẹni tó gùn ún sílẹ̀."

Mo rò pé á ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kà, kóun lè mọ ibi tóun ti ṣìnà.

"Ẹni tó gùn ún," ó ní, "ṣé ó dìde?"

Mo ní ó dìde. Kámẹ́rà ò padà síbẹ̀, mi ò rí i.