Obìnrin Tó Ń Dirun fún Ọmọ Mi

Òjòwú ni mí, mi ò ní purọ́. Bàbá ọmọ mi kò gbé mi níyàwó. Nígbà tí mo bímọ, tí ọjọ́ kẹjọ pé tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ kò yọjú, bàbá mi sọ ọmọ lórúkọ fúnra wọn nínú ilé wa ní Festac, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìdílé tiwa. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́sàn-án kí bàbá rẹ̀ tó pè mí lẹ́jọ́ sí kọ́ọ̀tù, pé orúkọ òun ló yẹ kó máa jẹ́. Nígbà yẹn ó ti gbé ẹlòmíì níyàwó ní Satellite Town, wọ́n sì ti bí ọkùnrin kan.

Lọ́yà mi ní kí n jẹ́ kí ọmọ máa lọ kí wọn ní Sátidé, kí adájọ́ má bàa rò pé mò ń fi ọmọ du bàbá rẹ̀. Mo gbà. Ẹ̀rín ni mo fi ń sìn ín dé ẹnu géètì wọn.

Sátidé kan, ó dé tòun ti ṣùkú lórí. Ìyàwó yẹn ló dì í fún un, ó sì dáa ju gbogbo èyí tí mo tíì dì rí lọ. Ara mi gbóná. Ta ló ní kó fọwọ́ kan orí ọmọ mi? Mo jókòó, mo tú u pátá. Ọmọ ń sunkún, mo ní irun náà ti le jù. Bẹ́ẹ̀ kò le. Irun wúruwùru la gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó yá, adájọ́ pe ọmọ síwájú àwa méjèèjì, ó ní orúkọ wo ló wù ú. Ọkàn mi balẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ta ló tún fẹ́ yàn?

“Orúkọ ìdílé tí àbúrò mi ń jẹ́ ni mo fẹ́,” ó ní. “Kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.”

Kò tiẹ̀ dárúkọ bàbá rẹ̀. Ká ní bàbá rẹ̀ ló yàn, ǹ bá rí ẹni bú. Adájọ́ sì gba ọ̀rọ̀ ọmọ wọlé.

Níta, obìnrin yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání. Ọmọ mi sáré gbà á, ó gbé e wá bá mi.

“Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ti ń hu eyín.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó jọ ọmọ mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ gbà á. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ń wò mí, owú hàn lójú rẹ̀ kedere. Inú mi dùn. Mi ò tètè gbé ọmọ náà fún un.