Ilẹ̀kùn Tí Kò Bá Òpó Mu

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ panẹbítà, ẹ bi í bóyá ó ti tún férémù ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe rí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gíláàsì ilẹ̀kùn ká lókè, tí rọ́bà ń sinmi lé, òun là ń pè ní férémù. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tàbí tí olè bá fi irin já a, tàbí tí awakọ̀ aláìlójútì bá ṣí ilẹ̀kùn lu ọlọ́kadà, férémù ló kọ́kọ́ ń tẹ̀. Ó lè má tẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ. Ṣùgbọ́n ìbú ìka yẹn ni òjò máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni atẹ́gùn á ti máa súfèé sí ẹni tó ni ọkọ̀ létí láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí òun náà á sì máa ṣépè fún ẹni tó tún un ṣe. Wọ́n ti ṣépè fún mi dáadáa nídìí rẹ̀.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò kéré nígbà tí mo débẹ̀. Mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo ti gbé ìwé-ẹ̀rí mi kiri títí ó fi ya níbi tí mo ti ká a, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ tíṣà yìí, ṣé o lè gbé jáàkì?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà, wọn kò sì fi bọ̀wọ̀ fún mi.

Ọ̀gá mọṣẹ́. Mi ò ní torí pé mo kórìíra rẹ̀ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra férémù láìwò ó, kó sì sọ ibi tó ti tẹ̀ gan-an. Irin tó fi ń tò ó, òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́ láti ara sípíríńgì tírélà. Ó gùn tó apá ènìyàn, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ó sì fi túùbù táyà wé e kí ó má baà ha ọ̀dà ọkọ̀. Ẹlẹ́nu là ń pè é. Bí férémù bá wọnú, a ó fi Ẹlẹ́nu kọ́ ọ, a ó fà á síta. Bó bá yọ síta, a ó fi pátákó kékeré há ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́, a ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ti òkè rẹ̀ wọlé. Díẹ̀díẹ̀ là ń ṣe é, nítorí irin tí wọ́n bá tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta máa ń sán.

Bí a bá parí, ọ̀gá á ya bébà kàlẹ́ńdà ní tẹ́ẹ́rẹ́, á fi há ẹnu ilẹ̀kùn, á tì í, á wá fa bébà náà. Bó bá le láti fà, rọ́bà ti mú nìyẹn. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á fi Ẹlẹ́nu gbá ẹni tó ṣe é nídìí. Àwa onírùngbọ̀n, tí àwọn mìíràn nínú wa ti bímọ, ó ń gbá wa nídìí. Bó ṣe ń gbá wa ló ń rẹ́rìn-ín, àwa náà á sì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín máa gba ìkejì.

Ọdún kẹrin ni wọ́n dá fún mi láti gba fírídọ́ọ̀mù. Fírídọ́ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá máa tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹbí rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ panẹbítà, tí á gbàdúrà fún un, tí á sì gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbà á kò gbọdọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ní Ọ̀yọ́ o, ní Ògbómọ̀ṣọ́ o. Ẹgbẹ́ á wá ti ibẹ̀ pa.

Ọdún yẹn kan náà ni dókítà ojú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún ìyá mi pé ohun tó ń jẹ ojú rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Oko ni ìyá mi ń ro ní Ìkòyí-Ilé. Ojú òsì ti lọ pátápátá kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọ̀tún ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà láàárín gbùngbùn nìkan ló ń rí, dókítà sì ní kó má fọkàn sí i pé yóò lo ọdún kan sí i. Ìyá mi kò sunkún. Ó ní, "Kí n ṣáà ti fojú mi rí fírídọ́ọ̀mù rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ojú ìyá mi ń lọ."

Ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó ní, "Ṣé ojú ìyá ẹ ló ń lọ ni, àbí ìwọ lo fẹ́ lọ?"

"Ojú ìyá mi ni, sà. Wọ́n fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́, ó sì dá ọjọ́ fún mi. Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́kọ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ pé òun ti ń fọ aṣọ tí òun máa wọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù ní láti to ilẹ̀kùn kan lójú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ilẹ̀kùn tó rọrùn ni wọ́n máa ń fúnni, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ní ti ilẹ̀kùn, tèmi tiẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí èmi ni ọ̀gá máa ń pè bí férémù bá ti ń yọ àwọn tó kù lẹ́nu.

Ìyá mi dé láàárọ̀ pẹ̀lú ará ilé wa méjì. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì òun súnmọ́ ọkọ̀ náà. Ó jókòó, ó yí ọrùn díẹ̀ kí ojú ọ̀tún lè bá mi. Gbogbo ibi tí mo bá yà sí ló ń yí ọrùn tẹ̀ lé.

Wọ́n ti ọkọ̀ kan jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tó ti pẹ́ lórí òkúta. Férémù ilẹ̀kùn iwájú yọ síta tó ìbú ìka. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo há pátákó, mo tì í, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi bébà sí i. Bébà yọ. Mo tún un tì. Òkè mú, ìsàlẹ̀ là. Mo fi Ẹlẹ́nu fa ìsàlẹ̀, òkè bá tún là. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lójú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ẹnìkejì pé ṣé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyí. Mo fi ìbínú tì í lẹ́ẹ̀kẹta, igun férémù sì sán.

Ọ̀gá dìde. Ó fi bébà há a, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìka méjì fa bébà náà yọ, ó sì gbé e sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí i. Ó ní, "Tíṣà, bébà ìdánwò ẹ rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń nu ojú. Ó wá sọ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé ẹni tí kò lè to ilẹ̀kùn kan, kò tíì mọ ibi tó ń lọ, kí n padà wá ṣe ọdún kan sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹkún gbé mi. Mo jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì ń sunkún láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi dìde, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń bọ̀. Ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó fẹ́ fi nu ojú mi. Ó sún ojú rẹ̀ mọ́ tèmi pẹ́kípẹ́kí, nítorí bí kò bá súnmọ́ ènìyàn kì í rí i dáadáa. Èmi gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Mo ní, "Kí lẹ wá wò? Ojú burúkú yín yìí lẹ gbé wá bá mi níbí. Ẹ kúrò níwájú mi. Ẹ padà sóko yín."

Mo pariwo mọ́ ọn. Itọ́ ẹnu mi ta sí i lójú. Ó dúró, ó ń wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá ká etí aṣọ rẹ̀, ó yí padà, ó sì lọ jókòó. Ọ̀gá, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, ní, "Ó tó, Tíṣà." Títí dòní ni inú ń bí mi pé ẹnu tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wọn ni ilẹ̀kùn wọn ti bàjẹ́, èmi ni mo sì tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Mi ò lọ sílé fún oṣù mélòó kan, nítorí ojú ń tì mí. Nígbà tí mo lọ, iṣu tuntun ti jáde. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wa. Mo dárúkọ ara mi fún ìyá mi.

Fírídọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kejì kò gba àkókò. Mo to ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé fún mi, bébà le, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti fa ìyá mi lọ́wọ́ wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti tì í? Ṣé ó mú?" Ẹni náà ní ó mú, Màmá. Nígbà náà ni ọ̀gá gba gbohùngbohùn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan pa yín lẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn tọdún tó kọjá yẹn, kò ṣe nǹkan kan o. Òpó ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́ ni mo fi jáàkì tì kúrò láyè ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tíṣà ń bá ilẹ̀kùn jà, kò wo òpó." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Ó ní, "Àbí kí ni kí n ṣe? Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́nà, ọwọ́ ẹ̀ ló sì dáa jù. Ẹ ẹ̀ rí i pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wo ìyá mi. Òun náà ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń bá àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e. Ọ̀gá sọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó ń dúró kí n wá dọ̀bálẹ̀, nítorí kò sí àdúrà fún ẹni tí kò bá dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ ṣé tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́." Ó gbàdúrà fún mi, àdúrà náà dùn, gbogbo wọn ní àmín.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ni ọ̀gá fi kọ́ mi. Òótọ́ ni pé mi ò wo òpó. Ẹni tó bá mọṣẹ́, òpó ló yẹ kó kọ́kọ́ fi okùn wọ̀n láti igun dé igun kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kò sí ọkọ̀ tó wọlé tí mi ò wọn òpó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè fi ẹnu kọ́ni kí ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tó tán, ọ̀gá fi ọdún kan nínú ayé mi kọ́ mi, ó sì mọ ohun tó wà nínú ọdún náà. Ìkà ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn fún un, mi ò sì tíì rí orúkọ tó yẹ ohun tí èmi náà ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Lọ́sàn-án, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ojú ẹlòmíràn lọ. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, mo jókòó tì í, mo sì béèrè ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé á sọ nǹkan tó máa tù mí nínú.

Mo ní, "Màámi, bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn mi, báwo lẹ ṣe ń rí mi?"

Ó kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ̀gúsí méjì mẹ́ta. Ó ní, "Bí o ṣe rí lọ́jọ́ tí o lé mi ni. Ìgbà yẹn ni mo rí ọ dáadáa gbẹ̀yìn. Mo ti gbìyànjú kí n rántí ojú rẹ ti tẹ́lẹ̀, ti ìgbà tí o ń lọ sílé-ìwé, kò wá mọ́."

Mo sọ fún un pé ojú mi kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Inú ò bí mi. Òun ṣáà ni mo rí mú." Ó na ọwọ́, ó wá abọ́ ẹ̀gúsí rẹ̀, mo sì sún un mọ́ ọn.