Búútà Kẹtàlá

Omi ń ró gbùlọ̀gbùlọ̀ bó ṣe ń wọnú búútà. Òun nìkan ló ń dún ládùúgbò wa ní Lálùpọn lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn. Ládàánì ò pèrun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ò dún, ẹyẹlé orí páànù mọ́sáláṣí pàápàá panu mọ́. Kónílé-ó-gbélé ni. Nítorí kòrónà, ọlọ́pàá ti fi àgádágodo ti mọ́sáláṣí pa, wọ́n ní ẹni tó bá tún kó èèyàn jọ síbẹ̀, àwọn á gbé e.

Màmá àgbà ilé kejì wa ló ń rọmi. Àtìgbà tí wọ́n ti wọ àdúgbò ní ìyàwó ni wọ́n ti ń pọnmi àlùwàlá sí mọ́sáláṣí ní gbogbo Jímọ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni mò ń bá wọn to búútà sídìí ògiri ìta mọ́sáláṣí. Méjìlá ni.

Mo ní, "Màmá, ta ló fẹ́ lò ó?"

"Àwọn tó kọ́kọ́ kírun níbí ni. Ta ló lọ sọ fún wọn ní itẹ́ òkú pé ìjọba ti ti ilẹ̀kùn?"

Mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà. Màmá wọlé lọ mú tẹ̀súbà. Bí wọ́n ṣe wọlé ni mo rí eruku ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè. Mo ní bí wọ́n bá bá omi yìí níbẹ̀, wọ́n á gbé Màmá lọ. Ni mo bá ń dà á nù. Mo da mẹ́fà, mo sá sẹ́yìn ògiri.

Ọgbọ́n àgbọ́njù. Ilẹ̀ tó tutù yẹn lọ́gàá ọlọ́pàá rí, ó ní èèyàn ti ṣàlùwàlá tán níbẹ̀. Ó ń mi búútà kọ̀ọ̀kan wò nígbà tí Màmá jáde sí wọn.

"Gbogbo ẹ̀ ló ti gbẹ. Màmá, àwọn èèyàn yín dà?"

Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Mẹ́fà péré ni mo dà.

Màmá wo ilẹ̀, wọ́n wò mí níbi tí mo lúgọ sí. Wọ́n ní, "Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, mi ò sì lè lanu.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mò ń sunkún, mo jẹ́wọ́.

"Mélòó lo dà nù?"

"Mẹ́fà, mà."

"Àwọn tí mo rọmi dè wá nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n lọ jẹun.

Màmá ti lọ sí itẹ́ báyìí. Èmi ni mò ń rọmi ní Jímọ̀. Ojú ṣì ń tì mí pé mo dákẹ́ lẹ́yìn ògiri. Tí mo bá rọ méjìlá tán, mo máa ń rọ ẹ̀kẹtàlá, ti Màmá. Mi ò tíì láyà láti mì í wò bóyá ó ti gbẹ.