Ẹni tí Ìyá Àgbà Pè ní Ọkọ

Ẹ̀gúsí ń dún pà, pà, lábẹ́ èékánná ìyá àgbà. Kò sí ìró mìíràn nínú pálọ̀ ilé wa ní Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ẹbí jókòó ti ògiri, wọ́n ń wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà ń wo igbá.

Àbúrò bàbá mi àgbà, tí a ń pè ní bàbá Àkúrẹ́, ló pe ìpàdé. Alágbàkà, ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ti yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Èkìtì ń kó lọ sí Adó, àwọn kan sì ń ta ilé wọn ní Àkúrẹ́. Bàbá Àkúrẹ́ fẹ́ ra ọ̀kan. Kí owó lè pé, wọ́n fẹ́ ta ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí bàbá káfíńtà ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ márùn-ún. Wọ́n ní káfíńtà kì í ṣe ọmọ ilé, pé alágbàṣe láti ìlú Ipogun ni bàbá bàbá rẹ̀, oko kòkó ló bá wá.

“Kó he ayùn àti òòlù rẹ̀, kó máa lọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́búlẹ́bú pákó nínú irun wọn.

Ní ilé wa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ni ó ń pè ní ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Káfíńtà ti ń rìn nígbà tí ìyá àgbà wọlé ọkọ, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ bàbá bàbá rẹ̀ lójú. Ohun tí ìyá àgbà bá pè é ni yóò parí ọ̀rọ̀. Mo sì mọ ohun tí ìyá àgbà ń pè é, torí èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un. “Gbé e fún káfíńtà” ni wọ́n máa ń wí.

“Ìyàwó wa, ọmọ ilé ni àbí kì í ṣe ọmọ ilé?” bàbá Àkúrẹ́ bèèrè.

Ẹ̀gúsí dákẹ́.

“Àwọn ọkọ mi méjì ń jà,” ìyá àgbà wí, “ìyàwó lẹ wá ní kó dá ẹjọ́ wọn?” Wọ́n yíjú sẹ́nu ọ̀nà. “Ọkọ mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Bàbá Àkúrẹ́ kò gbà. Wọ́n nawọ́ sí mi. “Ìwọ lò ń bá wọn gbé. Kí ni ìyá àgbà ń pe ọkùnrin yìí lójoojúmọ́?”

Ìyá àgbà kò wò mí. Ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka wọn, wọn kò bó o.

“‘Ọkọ mi’ ni wọ́n ń pè wọ́n,” mo wí.

Bàbá Àkúrẹ́ wò mí pẹ́. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n lọ láìjẹun. A kò ta ẹ̀yìnkùlé náà. Títí ìyá àgbà fi kú, èmi pẹ̀lú wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà rí.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà máa pè é ní ọkọ lẹ́yìn mi. N kò lè búra. Ó ṣeé ṣe kí alágbàṣe náà ti fẹ́ ọmọbìnrin ilé wa kan; kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ní báyìí tí mo parí yunifásítì, bàbá mi ní kí n kọ ìtàn ẹbí wa, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó. Ibi tí n kò bá ti rí ẹni jẹ́rìí, mo ń fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Àmì náà pọ̀ nínú ìwé náà, ọ̀kan tilẹ̀ wà lórí bàbá bàbá mi àgbà. Ojú ewé kẹta ni mo kọ káfíńtà àti àwọn ọmọ wọn sí. N kò fi àmì kankan síbẹ̀.