Káàdì Mẹ́ta Tí Kò Mọ Ara Wọn

Àìsàn mẹ́ta ló ń bá mi gbé ní Ìtàjí. Mo ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí Ìkọ̀lé, àtọ̀gbẹ lọ sí Ọ̀yẹ́, orúnkún lọ sí Ìdó. Mi ò jẹ́ kí dókítà kan rí káàdì ilé ìwòsàn èkejì, kí wọ́n má baà máa jowú bí orogún.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láàárín ebè iṣu mi. Mo ní ilẹ̀ ló ń fà mí, torí ó mọ iyì àgbà.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ulé lẹ ó jókòó sí báyìí. Oko ti parí.”

Oko tí mo fi ń pe ara mi ní ọkùnrin! Mo kó gbogbo oògùn mi àti káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agbọ̀n, mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yẹ́.

Ó tò wọ́n sórí tábìlì. “Bàbá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lẹ ń gbà ní Ìkọ̀lé àti ní Ìdó! Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní Ìdó, ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ ti ń lo ọ̀kan?”

“Wọn ò kúkú bi mí.”

“Oògùn ìlọ́po méjì yẹn ló ń gbé yín ṣubú.”

Ó yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti Ìdó kúrò, ó fi okùn so káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ní ibi tí ọ̀kan bá lọ, kí wọ́n jọ lọ.

Mo ti padà sóko. Ilẹ̀ ò fà mí mọ́. Ó jọ pé ó ń bínú.