Ọkọ̀ Tí Mo Ní Kì í Rì

Mo rántí ìgbà tí mo gbé sílípáàsì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lé orí omi nínú báàfù, ní àgbàlá ilé wa lábẹ́ òkè Mápó, tí mo ń fi í ṣe ọkọ̀ òkun fún ìyá wa. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì mú ju ọgbọ́n mi lọ. Èmi tí omi tí mo mọ̀ kò ju odò Ògùnpa lọ, mo wá di ẹni tí ń ṣe àlàyé òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ nílùú òkèèrè, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun, kí òun máa gbé inú rẹ̀, kí òun máa ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn títí òun yóò fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá ṣe àdúà sí i. Ó fi fídíò ọkọ̀ tí ó wù ú ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n fi han màámi. Ọkọ̀ onídìí kan ni, irú èyí tí wọ́n ń fi òjé wúwo sí nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ ni ó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí etí rẹ̀ ń kan omi. Màámi da fóònù náà dé sórí itan wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe àdúà sí ọkọ̀ tó ń ṣubú lójú àwọn.

"Bá mi bẹ̀ wọ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kà títí ojú fi ń ro mí. Mo rí i pé irú ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní katamaráànù, tí ó ní ìdí méjì bí ènìyàn ṣe ní ẹsẹ̀ méjì. Kì í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí omi bá sì wọ̀ ọ́, kì í sábà rì. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò yára gbà.

"Èyí tó ń dà yẹn, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni," ó ní. "Tí atẹ́gùn bá ti pọ̀ jù, á dà, wàá sì tètè ká aṣọ ìgbòkun kù. Onídìí méjì kì í sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá dojú dé, ó parí nìyẹn, kì í dìde mọ́."

Mo bi í pé bí ihò bá lu onídìí kan ńkọ́. Ó ní á rì. Mo ní ọ̀rọ̀ parí.

Ní ọjọ́ kejì, mo ra ife ike kan ní Ọjà'ba, mo fi òkúta sí ìdí rẹ̀ kí ó di onídìí kan. Sílípáàsì tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nígbà tó wálé kẹ́yìn, tí màámi ń fọ̀, tí wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà, ni mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ so pọ̀ di onídìí méjì. Mo ti ife, ó dà, ó padà dúró. Mo fi ìṣó lu ú, ó rì. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ sílípáàsì, kò yẹ̀. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fi ìka kan gbé etí rẹ̀ sókè. Ó dojú dé, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kọjú sí òkè. Gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ nílé wa ló mọ̀ pé a kì í fi bàtà sílẹ̀ báyẹn. Kíá ni wọ́n yí i padà.

"Tíṣà, èmi ni mo yí èyí o. Ta ni á bá a yí i lórí òkun?"

"Kò sẹ́ni tó máa yí i, màámi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò rì. Ẹni tó bá dì í mú ò lè rì."

"Ṣé kì í rì lóòótọ́?"

"Kì í rì."

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Màámi rí i, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé mo kàwé. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà, wọ́n ṣe àdúà. Ẹ̀gbọ́n mi sì ra onídìí méjì, nítorí tiwọn, àti nítorí tèmi.

Kò pé ọdún kan tí ìjì fi bá a lójú agbami. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ló rí ọkọ̀ náà níbi tó dojú dé sí. Ó ṣì léfòó. Wọn kò rí ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé kò tètè ká ìgbòkun. N kò mọ̀ bóyá onídìí kan ì bá gbà á là, òkun kò ṣaláìní ọ̀nà tí ó fi ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ì bá dà, ì bá kìlọ̀ fún un. Èyí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn di òní.

Nígbà tí àáfà wá pé kí a kírun òkú fún un bí òkú ò tilẹ̀ sí nílẹ̀, màámi kọ̀.

"Ṣé wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ rì ni?"

Àáfà wo ojú mi. Mo ní kò rì.

"Tíṣà ló sì sọ ọ́ fún mi, ẹni tó bá dì í mú ò lè rì. Ẹ má kírun òkú fún ọmọ mi."

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni n óò fi ẹnu mi pa á mọ́ ìyá mi lára. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣì ń fọ sílípáàsì náà, wọ́n ń tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà mìíràn ewúrẹ́ á kọjá, á ta á nù, á dojú dé, èmi á sì sáré yí i padà kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn náà ni màámi á pè mí láti inú yàrá.

"Tíṣà, wọn ò tíì ní ó rì, àbí?"

"Rárá, màámi. Kò rì."

Òótọ́ ni mo sì ń sọ.