Ìlà Mẹ́sàn-án

Akàwúruwùru ni wọ́n ń pè é nílé ìtẹ̀wé, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi wọ́n tẹ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀. Kò sí ìkọkúkọ tí kò lè kà. Ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dorí rẹ̀ kodò títí tí wọn ò rí i kà, òun á wò ó fìrí, á sì máa tò ó lọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Òǹkọ̀wé kan wà tó ń fi ìtàn kéékèèké ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, ìtàn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé: ìlú tí òjò ti ń rọ̀ lọ sókè, ọkùnrin tó gbàgbé òjìji rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin. Akàwúruwùru fẹ́ràn òǹkọ̀wé yìí ju ọ̀gá tó ń sanwó fún un lọ. Kò sẹ́ni tó ń ka àwọn ìtàn náà ṣáájú rẹ̀, ó sì ń fi èyí yangàn bí ẹni pé òun ló kọ wọ́n.

Lọ́dún kan, ìtàn ìyá tó gun àkàbà lọ sínú òṣùpá dé. Ọmọ rẹ̀ ti kú, wọ́n sì sọ fún un pé ibẹ̀ ló wà. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn kan, ó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú ilé, bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́ gẹ́lẹ́. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ibi tí Akàwúruwùru tò ó dé nìyẹn tí ọ̀gá fi sáré wọlé pẹ̀lú ìpolówó ọṣẹ. Àyè ò gba méjèèjì. Òfin ilé ìtẹ̀wé ò sì le: bí ìròyìn bá gùn jù, ìsàlẹ̀ ni kí o ti gé e, torí ọ̀rọ̀ gidi ti wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé ìròyìn iná àti ìròyìn ìbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́gbọ́n yìí ṣe gé ìtàn. Ìlà mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù. Ó mọ iye wọn, kò dúró wo ohun tí wọ́n sọ. Ó ju ìwé náà sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtírí, ó to ọṣẹ.

Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà òǹkàwé dé, ó kún àpò méjì. Wọ́n ní irú ìparí bẹ́ẹ̀ ò tíì sí rí. Ṣé ó ṣílẹ̀kùn ni àbí kò ṣí i? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, wọn ò tíì dákẹ́. Àwọn tó kà á lọ́mọdé ti kà á fún ọmọ tiwọn. Òǹkọ̀wé náà kò sì fìgbà kan sọ pé wọ́n gé òun lẹ́nu. Akàwúruwùru lóun á lọ jẹ́wọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla.

Èyí tó burú jù wà nínú ilé rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí kú lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó yìí gé ìtàn náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti bàjẹ́, á bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé ẹ rò pé ó bá ọmọ ẹ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Akàwúruwùru máa ń sọ. Òótọ́ sì ni, kò mọ̀.

Ìgbà tí ìròyìn kàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu òǹkọ̀wé, pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ni ẹsẹ̀ ọkùnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yá. Ọmọbìnrin òǹkọ̀wé mú un wọ yàrá tí òǹkọ̀wé dùbúlẹ̀ sí, tí lẹ́tà òǹkàwé kún abẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Ẹ má pẹ́ o, bàbá. Ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n."

"Ọ̀gá, èmi ni mo gé e," ni Akàwúruwùru wí. "Ìpolówó ọṣẹ ló fà á. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

Omi lé ròrò sójú òǹkọ̀wé. Bóyá ìbínú ni, bóyá ẹ̀rín ni, ta ni yóò mọ̀? Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kiri lórí aṣọ ìbora. Ọmọ rẹ̀ fi bírò sí i, ó di ìwé mú fún un. Ó kọ, ó sinmi, ó làágùn, ó tún kọ. Akàwúruwùru ń ka iye ìlà náà bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. Ìlà mẹ́sàn-án ni.

"Ẹ bá wa kà á," ni ọmọ náà wí. "Àwa ò lè ka nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ mọ́."

Akàwúruwùru nu awò ojú rẹ̀. Ó wo ìwé náà lóòró, ó wò ó níbùú, ó ń wá lẹ́tà kan, ẹyọ kan péré, tí òun mọ̀. Kò rí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú tì í, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é. Òǹkọ̀wé tẹjú mọ́ ọn, ó ń retí.

"Ó dára gan-an, ọ̀gá," ni Akàwúruwùru wí. Òǹkọ̀wé rọra dijú. Kò lò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Akàwúruwùru lọ kí òǹkọ̀wé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, láti orí ọṣẹ títí dórí irọ́ tó pa. Ìyàwó ò pariwo, kò sunkún. Ó tẹ́ ìwé ìlà mẹ́sàn-án tí ọkọ rẹ̀ mú bọ̀ sórí tábìlì.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìkọkúkọ gbogbo ayé," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, bílẹ̀ bá ti mọ́, á yọ ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí, á gbé e fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú rẹ̀.

"Ẹ tún un wò, ọkọ mi. Bóyá ìmọ́lẹ̀ ò tó lánàá."

Akàwúruwùru á gbà á, á lọ sídìí fèrèsé, á sì tún un wò.